Àwa Tí Wọn Kò Fún Ní Ewúrẹ́

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo bí tí mi ò kábàámọ̀,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́? Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ń jinná díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi. Ọlọ́run tó mú ọ dé ọ̀hún á mú ọ padà wálé láyọ̀. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí, torí inú mi ń dùn.

Ìjọba fẹ́ mọ ohun tó lè lé ìṣẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ò méfò mọ́, àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Ni wọ́n bá ní àwọn á fún àwọn ilé kan ní ewúrẹ́, àwọn ò ní fún àwọn kan, àwọn á wá padà wá wo ìyàtọ̀, tó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ń tún ayé ẹni ṣe lóòótọ́, gbogbo ilé tó kù á gba tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ kèké, torí kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní àna ládùúgbò yìí. Adúmáradán, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, bọ́ sápá àwọn tó gbà. Àwa bọ́ sápá àwọn tí kò gbà. Bàbá rẹ fajú ro, mo ní kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ìjọba la rí yẹn, ta ni wọ́n fẹ́ fi wé àwọn eléwúrẹ́ tí kì í bá ṣe àwa? Látọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò yan ìdílé wa sípò kankan rí.

Ó wá ku ọjọ́ tí wọ́n máa wá wò wá. O mọ̀ mí, àlejò kì í wọlé mi kó rí ìdí ìkòkò mi. Mo yá àga tìmùtìmù lọ́wọ́ télọ̀ iwájú ilé, mo gba bàtà lẹ́sẹ̀ Adúmáradán, mo sì fa àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wá so mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọbìnrin tó wá gbé fóònù kan tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun dání. Mo kúnlẹ̀ kí ìjọba tó wà nínú rẹ̀, wọn ò dáhùn, ó jọ pé ọwọ́ wọn dí. Ọmọ náà bi mí bóyá à ń jẹun yó, mo ní títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó bi mí pé ta ló ni ewúrẹ́, mo ní tiwa ni, ṣé ohun tó jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí ẹni kì í ṣe tẹni ni?

Ìgbà tó ń jáde ló ní ó ya òun lẹ́nu, pé ilé tí wọn ò fún ní nǹkan kan dára ju ilé tí wọ́n fún lọ. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ káàkiri, a jẹ́ pé ewúrẹ́ ò wúlò nìyẹn, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rántí opó ẹ̀yìnkùlé wa, tó ti kan ilé ewúrẹ́ sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ náà ti ń wọ mọ́tò. Mo sáré tẹ̀lé e, bàtà Adúmáradán bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mi ò wẹ̀yìn. Èmi tí mo ti ń da aṣọ bo ìṣẹ́ látìgbà tí mo ti wọlé bàbá rẹ, mo kígbe láàárín títì pé kó dúró, pé òtòṣì ni mí, pé mo yá àga ni, mo yá ewúrẹ́ ni. Télọ̀ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́ padà sílé, mo ṣí ìkòkò hàn án, mo ká ẹní kó rí ibi tí òjò ń jò sí. Ó pa gbogbo èyí tó ti kọ rẹ́, ó tún un kọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo fún ní nǹkan. Òtòṣì Àgbà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má jáwọ́ o, orúnkún bàbá rẹ ṣì ń fẹ́ oògùn. Ṣùgbọ́n Adúmáradán ni kí o fi ránṣẹ́ sí, torí apá tirẹ̀ ló yẹ kó máa sàn sí i, àwa á máa yọ́ lọ jẹun níbẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Bu díẹ̀ lé e fún bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni mo rí.

Ọlọ́run ò ní tú àṣírí rẹ, ọmọ mi. Tèmi tí mo fọwọ́ ara mi tú láàárín títì yìí, kó di ewúrẹ́ sílé opó.

Èmi ìyá rẹ, lápá àwọn tí kò gbà.