Wọ́n Lé Ọmọ Kúrò Níbi Ẹ̀kọ́ Nítorí Pé Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ernest Aránṣọ,
Ibefun,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1986.

Ernest ọmọ mi, Àlàbí ọkọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú gbogbo ohun tí ojú rẹ ń rí tí o kò kọ sínú ìwé. Ọlọ́run tó dá ọ sí lọ́wọ́ èéyi nígbà tí o kò tíì lè jókòó, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìlú onílùú. Oúnjẹ kò ní wọ́n lẹ́nu rẹ, ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni tó jí ni yóò ṣí i fún ọ. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mi ò pe ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ń gun ara wọn, fara dà á.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa nílé, a wà, bí kò ṣe orúnkún mi ọ̀tún tó ń bá ẹsẹ̀ máṣíìnì jà. Òjò ọdún yìí pọ̀ débi pé ó wọ ilé adìẹ aládùúgbò wa, ó pa méje, obìnrin náà sì ń wò mí láti ọjọ́ náà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ mi ni òjò ti gba àṣẹ. Búrẹ́dì ti wọ́n sí i, ó sì tún kéré sí i, a ò wá mọ èyí tí à bá bínú sí nínú méjèèjì. Rose ọmọ iṣẹ́ mi kí ọ. Ó yẹ kó gba fírídọ̀mù lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó gé apá agbádá olóyè kan sódì, ẹ̀rù bà á, ó sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo wọkọ̀ lọ mú un. Mo ní, ìwọ Rose, ta ló kú? Aṣọ ni o gé, o ò gé ọwọ́ olóyè. A ra aṣọ mìíràn, mo sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀, wọ́n mú obì wá, ó fi oṣù mẹ́fà kún un. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Ìwé tí o kọ lóṣù Kẹjọ dé ọwọ́ mi. O ní o ti ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ òfin, pé èsì nìkan ló kù, pé ìjọba ló ti ilé-ìwé pa tí àwọn olùkọ́ kò fi tíì yẹ ìwé wò. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo tilẹ̀ ń gbèjà rẹ. Ẹni tó bá bi mí léèrè, mo máa ń sọ fún un pé ìwé òfin wúwo, pé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ máa sinmi lọ́nà bí aláàárù. Mo kà á sétí Bàbá Harold Ìgè, bàbá ìjọ wa, ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá rẹ, ẹni tó sọ ọ́ ní Lọ́yà láti ọmọ ọdún méje. O mọ̀ ọ́n. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ réluwéè tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gbéra àfi tí òun bá parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní lọ́yà àkọ́kọ́ tí ìjọ yìí máa bí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀, pé kí gbogbo ènìyàn múra ìdúpẹ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Kejìlá. Ó wá ní kí wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà ọdún 1987. Àwòrán rẹ ti fọ́ọ̀mù fáìfù ni wọ́n lò. Fọtógíráfà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ọ̀dà ya gáùn sí ọ lára, ó ya irun funfun àwọn lọ́yà lé ọ lórí, o wá dà bí àgbò tí òjò pa. Ó ti wà lára ògiri láti ibí títí dé Ìjẹ̀bú-Imusin.

Ojú wá tì mí. Ọdún mẹ́rin ni mo rò pé o fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, mi ò sì lọ kí i rí. Nídìí iṣẹ́ tiwa, bí ọmọ bá fẹ́ gba fírídọ̀mù, òbí rẹ̀ ni yóò gbé ọtí àti àkùkọ lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá yóò ní kí ọmọ kúnlẹ̀, yóò gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, yóò sì ṣàdúrà fún un. Mo mọ̀ pé fún lọ́yà, ìwé ńlá kan ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́ dípò sísọ́ọ̀sì. Mo sì mọ̀ pé ọmọ ló ń mú aṣọ tirẹ̀ lọ. Nítorí náà mo wo àwòrán inú kàlẹ́ńdà dáadáa, mo ra aṣọ dúdú, mo rán gáùn rẹ, mo fi díẹ̀ kún èjìká nítorí mo rò pé ìwé á ti mú ọ fẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo di gáùn náà, pẹ̀lú ìgò ṣìnáàpù kan, gàrí tó dára àti àkùkọ funfun, mo wọ ọkọ̀ Èkó. Mi ò sọ fún ọ nítorí mo fẹ́ kí o kàn rí mi lójijì ni.

Ní géètì yunifásítì, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo bá wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo lóyún rẹ. Ìwé náà kún kí n tó dé ibi tí o ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní òmíràn, wọn ò fún mi. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ àkókò tí n ó jáde sí, mo kọ ọ́ pé ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ géètì gbé tẹlifóònù sétí, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì, mo bá kúnlẹ̀ kí ẹni náà. Ó ní Màmá, kò rí yín o. Mo ní ẹni tó tọ́ mi kò sọ fún mi pé ojú ni wọ́n fi ń gba ìkíni. Mo ní ọ̀gá tó ń kọ́ Ernest Ṣóyẹmí ni mo wá rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èwo nínú wọn? Mo ní gbogbo wọn ni kẹ̀, àmọ́ àkùkọ kan ni mo mú wá.

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé obìnrin kan. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó wò ó, ó tún wò ó, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ọdún 1984. Mo bá a kẹ́dùn. Mo ní àwọn náà ti sọ ìwé nù, kí ó fún mi ní bírò kí n bá a kọ orúkọ náà padà, mo mọ bí a ti ń kọ ọ́. Ó ní rárá, Màmá, wọ́n ní kó máa lọ ni. Mo ní kí ló ṣe? Ṣé ó jalè ni? Ó ní rárá. Ṣé ó lu ẹnikẹ́ni ni? Ó ní rárá o, kò mọ̀ ọ́n ni, ó kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún un láyè, ó tún kùnà. Mo ní, kò mọ̀ ọ́n? Mo ní, ìyáàfin, ìdí tí mo fi mú un wá nìyẹn. Bó bá ti mọ̀ ọ́n láti ilé, kí ni ẹ̀ bá máa kọ́ ọ?

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá sí i, ó ní yunifásítì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo ní mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi kò wá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo wọkọ̀ lọ wá a. Ẹ̀yin, ọdún méjì lẹ fi ń ṣí ìwé yìí tí ẹ ń pa á dé, ẹ ò bi ara yín pé níbo lọmọ náà wà. Àkùkọ ló ń wò. Obìnrin náà ní àwọn kọ̀wé o, pé ìwọ fúnra rẹ lo wá gbà á, o sì buwọ́ lù ú. Ó fi ibi tí o buwọ́ lù hàn mí. Ọwọ́ rẹ ni. O ṣì ń fa ìrù sídìí lẹ́tà tó kẹ́yìn bí bàbá rẹ.

Simeon tí ẹ jọ gbé yàrá kan náà ló rí mi níbi tí mo jókòó sí lábẹ́ igi, ó ní ojú èmi àti tìrẹ ló jọra. Òun náà kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ́ kó tún un ṣe, ó ṣì wà níbẹ̀. Má bínú sí i, ẹkún ni mo fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun fi yege. Ó ní láàárọ̀ ìdánwò, o lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, o rìn dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, o sì yí padà, o ní orí ń fọ́ ọ. Nígbà kejì, o wọlé, o kọ orúkọ rẹ, o kọ nọ́ńbà rẹ, o sì jókòó ti ìwé funfun náà fún wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ lo ṣe fi í sílẹ̀. Ó bi ọ́ pé kí ló dé. O ní bí o bá kọ ọ́ tí ẹlòmíràn sì borí rẹ ńkọ́? Ó ní o wá fi ohùn obìnrin sọ pé, ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?

Ernest, èmi ni mo ni ohùn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, o gba ipò kejì, Mọ́ṣádé ọmọ káfíńtà ló gba ipò kìíní. O sáré wọlé pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, o ń rẹ́rìn-ín. Mi ò wo káàdì náà. Mo bi ọ́ bóyá orí méjì ni Mọ́ṣádé ní. O lọ jókòó sẹ́yìn ilé, o ò jẹun. Mo sọ fún Bàbá Ìgè pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára, inú mi sì dùn. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà bọ̀ ni mo ti wá rò ó, pé Rose ba aṣọ olóyè jẹ́, mi ò sì bi í nípa orí méjì. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fún láyè kó ṣi iṣẹ́ ṣe.

Àmọ́ inú ń bí mi sí ọ o. Má rò pé kò bí mi. O kọ̀wé sí mi pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbóríyìn fún ọ níwájú gbogbo kíláàsì, o tilẹ̀ sọ irú táì tó so mọ́rùn. Mo ń dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn nínú àdúrà láràárọ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kó fún un ní ẹ̀mí gígùn. Ta ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Simeon ní Ṣómólú lo wà, o ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ní lẹ́sìnnì, pé wọ́n ń yege lọ́wọ́ rẹ, pé o máa ń sọ fún wọn kí wọ́n má bẹ̀rù. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo gbé àkùkọ náà padà sílé, ó kọ nígbà méjì nínú ọkọ̀, awakọ̀ ní Màmá, ó jọ pé àkùkọ tiyín ti yege. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé, Bàbá Ìgè ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Ìyá Lọ́yà, èsì ńkọ́? Mo la ẹnu mi, mo ní kò tíì jáde. Ó rọrùn, Ernest. Ó bọ́ lẹ́nu mi geere bí òwú tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Mo wá mọ bí o ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo tú gáùn náà, a fi rán síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé méjì. Rose ló gé e, ó gé e dáadáa. Mo tún lọ bá Bàbá Ìgè pé kó sún ìdúpẹ́ náà síwájú, ó ní ohun tí òun bá ti kéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, réluwéè ni, kì í padà sẹ́yìn. Mo ní mo ti rí réluwéè tó padà sẹ́yìn rí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe nígbà tòun.

Nítorí náà mo ti pinnu. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá pe ìdílé Ṣóyẹmí síwájú, n ó jáde, bí o wá o, bí o kò wá o. N ó sọ fún wọn pé Ernest kò gba dìgírì, pé ẹ̀rù ló bà á, pé èmi àti Bàbá Ìgè la sì dá ẹ̀rù náà sí i lára. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí orúnkún mi.

Ní ti owó, o mọ̀ pé n kì í kọ̀wé kí n má béèrè. Èyí tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, tí o ní ìjọba ló ń fún ọ nítorí pé o mọ̀wé, mo ti wá mọ ibi tó ti ń wá. Ti oṣù yìí, má fi ránṣẹ́ sí mi. Fún awakọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó fi gbé ọ wálé. Ìyẹn ni owó tí mo ń béèrè.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní àyà láti jókòó ti ohun tí o kò tíì mọ̀. Kí ó fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí yóò wá ọ bí o bá sọnù. O kò ní sá fún ilé mọ́, bàbá rẹ kò ní sùn kó gbàgbé rẹ. Àmín.

Simeon ló ní òun yóò mú ìwé yìí dé Ṣómólú. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti fojú kàn ọ́ kẹ́yìn. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹnì kan á bi mí pé báwo lo ti wà, n ó sì ní ara rẹ le, o ń jẹun. Bí ìyẹn náà bá jẹ́ irọ́, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi kí n tó dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel Ṣóyẹmí.