Kí Àyàndá Má Baà Jí

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025
Mo tún pariwo títí ohùn mi fi há. "Orúnkún! Orúnkún rẹ, Sìlífátù!" Gígùn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ ní fólíbọ̀ọ̀lù ní Ìkòsí, kò sí ẹni tó ń fò tó o. Ṣùgbọ́n bó bá ń balẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á máa kí ara wọn. Báyìí gan-an lèmi náà ṣe ń balẹ̀ kí tèmi tó já. Ìyá Àgbà — orúnkún mi ọ̀tún — ti ń ro mí látàárọ̀. Òjò ń bọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 8
Elkanah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ fisio, iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, wá wò wá. Ó wò títí, ó ní, "Aunty, ẹ má bínú o. Bí ẹ ṣe ń pe orúnkún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń le. Ẹ fún un ní nǹkan mìíràn tó máa gbájú mọ́, nǹkan tó wà níta ara rẹ̀." Inú bí mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Ọmọ àná!

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Ìbínú ti lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Ìyàwó gáádì tẹ́ Àyàndá, ọmọ oṣù mẹ́ta, sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù. Mo sọ fún Gígùn pé: má jí ọmọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fò, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ — n kò gbọ́ nǹkan kan. Orúnkún tọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ogún. Àyàndá sùn títí a fi ṣe tán.
Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Motúnráyọ̀, ọmọ tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀, já orúnkún tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kúnbi náà. Èmi ń sọ pé wọn kì í gbọ́ràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Má jí ọmọ, má jí ọmọ. Wọ́n ti sọ ọ́ di orin.
Ìyá Gígùn wá láti ọjà Mile 12, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn tòmátò. Ó bi mí bóyá àwọn èèyàn yunifásítì tó fẹ́ wá yan agbábọ́ọ̀lù ní Sátidé tó ń bọ̀ máa mú ọmọ òun. Bí wọ́n bá mú un, kò ní san owó ilé-ìwé títí táá fi jáde. Ọ̀nà mìíràn kò sí fún un. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. N kò lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 21
Elkanah ní ohun tí ara ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ kì í lọ bọ̀rọ̀, pàápàá lójú èrò. Mo ní kó bá mi di ẹnu mi mú lọ́jọ́ náà. Ó rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24
Ó já.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Kí n kọ ọ́. Mo ki etí ìborùn bọ ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀. Elkanah jókòó tì mí. Àwọn èèyàn yunifásítì ń kọ nǹkan sílẹ̀, inú wọn dùn sí i. Bọ́ọ̀lù kan wá, ó ga. Gígùn fò. Ó wà lókè — mo rí i tó bojú wolẹ̀, tó ń wo orúnkún ara rẹ̀. Gbogbo kọ́ọ̀tù ló gbọ́ bó ṣe balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 30
Èmi àti Elkanah dé ilé Gígùn. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún wa. Dókítà ní iṣan inú orúnkún ti já pátápátá. Yunifásítì ti mú ẹlòmíràn.
Gígùn ló tún ń bẹ̀ mí. "Kóòṣì, ẹ má bínú. Mo gbọ́ yín. Mo sì wo orúnkún bí ẹ ṣe wí."
Mo ní n kò la ẹnu rárá. Elkanah jẹ́rìí. Gígùn wò wá bí ẹni tí àgbàlagbà ń parọ́ fún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
"Mo gbọ́ yín, Mà. Ṣé n ò mọ ohùn yín ni?"
Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Tèmi kò fọ́. Ó lọ jókòó sínú orí ọmọ ọlọ́mọ.
Ọmọ mọ́kànlá ló kù ní kọ́ọ̀tù. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ mi.