Àmín Tí Mo Ṣe sí Orúkọ Ọmọ Rẹ

Yàhàyá ọmọ ìyá mi,

Àsàlámù àlékùn. Èmi tí mo ru búlọ́ọ̀kù ní Adéwọlé, tí mo sùn sábẹ́ ọkọ̀ ní Post Office, tí iná wẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ojú mi kí n tó dẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mò ń kí ọ ní Jẹ́dà. Bá mi kí Bilkisu àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyàwó mi ti ń san. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ bá a lára mu.

O mọ ẹ̀rọ tí mo fi orí ara mi ṣe, tó ń bó èèpo irú. Àwọn obìnrin Òkè-Òyì kì í fẹsẹ̀ tẹ irú mọ́. Ta ló ṣe é rí ní Ìlọrin kó tó kàn mí? Torí òyìnbó kò yé mi, mo ní kí Suhaib ọmọ rẹ bá mi gba ìwé ẹ̀rí l'Ábújá pé èmi ni mo ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i. Àmánà ni mo fi sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ìwé dé, mo pe àwọn áfáà wá ṣàdúà sí i. Áfáà wo orúkọ inú ìwé, ó ní, "Ọlọ́run ó gbé Suhaib tó ṣe ẹ̀rọ yìí ga." Mo ti ṣe àmín tán kó tó yé mi pé kì í ṣe orúkọ mi ló pè.

Mo bi ọmọ rẹ. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ọ̀kan náà ni wá? Ẹ ò kúkú lè bá wọn sọ òyìnbó." Ọmọ tí mo rán nílé-ìwé!

Jọ̀ọ́, bá a wí, kó kọ̀wé s'Ábújá pé èmi ni mo ni ín. Ọlọ́run ó mú ọ délé láyọ̀. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó tún pe àwọn áfáà ọjọ́sí. Bí Suhaib bá mú ìwé náà wá, a ó ṣàdúà fún un. Bí kò bá mú un wá, n ó gba àmín mi padà lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ṣàmsúdéènì