Ènì Tí Olè Ò Rí Jí Gbé

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́n tí mo jogún ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Aswani,

Mo ti kó kúrò. Ẹ má wulẹ̀ jáyà, ìsọ̀ wa ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, òjò sì ń jò sí igun tí ẹ ní kí n máa gbé garawa sí. Orí ayélujára ni mo ti kó. Ìkànnì ńlá tí èmi pẹ̀lú yín jọ ṣí péèjì sí, níbi tí gbogbo ayé wà, mo ti jáde níbẹ̀. Mo ti lọ sí ìkànnì tuntun kan tó ń bá a du èrò, tí àwọn èèyàn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bùọ̀dá Múrí, ẹ̀gbọ́n mi, ní orí mi ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi fún yín, torí ẹ̀yin lẹ máa ń gbọ́ ẹjọ́ tán kẹ́ ẹ tó dá a.

Ṣé ẹ rántí fọ́tò yẹn? Èyí tí ẹ dé fìlà funfun, tí ẹ di ọ̀pá yáàdì mú bí ẹni tó fẹ́ na èèyàn. Ẹ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo sọ pé fóònù mi ò lè gba ojú tó le tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yẹn ni ẹnì kan jí. Ó fi orúkọ yín ṣí péèjì tirẹ̀, ó ń ta àǹkárá tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí bí omi bá ti kàn án. Àwọn tó rà á ló ń wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ ọjà wa, wá bú mi. Obìnrin kan ju aṣọ lù mí, ó sì ṣépè fún yín níṣojú mi, ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀.

Mo fẹjọ́ sun àwọn oníkànnì. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Nígbà tí wọ́n máa dájọ́, péèjì tiwa ni wọ́n tì, wọ́n ní àwa ni ayédèrú. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi lèmi. Mo fi fọ́tò ìsọ̀ ránṣẹ́, mo fi ìwé-ẹ̀rí ikú yín ránṣẹ́. Èsì kan náà ló ń padà wá, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò yí. Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí ìdì aṣọ, mo sunkún.

Bùọ̀dá Múrí ní kí n máa bẹ̀ wọ́n, pé ibi tí èrò bá wà là ń pàtẹ sí. Mo fàáké kọ́rí. Ṣé èmi ni mo jalè ni, tí n óò fi máa bẹ ẹ̀rọ nítorí orúkọ bàbá mi? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣebí ẹ̀yin náà ṣe é rí. Nígbà tí olórí ìlà iwájú ń fi ojú yín gbolẹ̀, ẹ di ẹrù yín, ẹ kọjá sí ìlà ẹ̀yìn níbi tí ewúrẹ́ nìkan ń gbà. Ẹ ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ láràárọ̀, ẹ sì ń kí gbogbo ẹni tó bá ṣìnà débẹ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀. Ojú máa ń tì mí nítorí yín nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Nítorí náà, èmi náà gbálẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ni mo ní lórí ìkànnì tuntun: ìyàwó Bùọ̀dá Múrí, tó ń yọ́ ọ ṣe kí ọkọ rẹ̀ má mọ̀, ààfáà kan tó ń fi àdúrà ránṣẹ́, òyìnbó kan tó jẹ́ pé ológbò rẹ̀ nìkan ló ń yà ní fọ́tò, àti ẹnì kan tí kò ní fọ́tò, tí kò sọ̀rọ̀ rí. Láràárọ̀, kí n tó jáde nílé ní Ìsọlọ̀, mo máa ń gbé aṣọ kan síbẹ̀. Mò ń polówó àǹkárá fún ológbò, Bàbá. Oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò ná aṣọ kankan. Mo ti ń rò ó pé agídí lásán ni mò ń ṣe, àmọ́ mi ò jẹ́ kí Bùọ̀dá Múrí rí i lójú mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹni tí kò ní fọ́tò yẹn kọ̀wé sí mi. Obìnrin kan ni, ní Ìlọrin. Ó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín tipẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó kọ ìrìnàjò Èkó. Olè yẹn ti ta aṣọ tó ń ṣí fún òun náà lórúkọ yín, torí náà kò gba fọ́tò gbọ́ mọ́, kò sì gba èmi náà gbọ́. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: bí òun bá ra yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ Alhaji, kí ló máa ń bá òun délé?

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Ènì ni. Ẹ máa ń wọn márùn-ún pé, ẹ óò wá tẹ́ ọwọ́ lé e, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka àárín, kẹ́ ẹ tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Olówó gbà á, tálákà gbà á, ẹni tó bú yín tán gan-an gbà á. Bàbá, mo ti dá ènì dúró. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn fídáù yín tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ sílẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, tí mò ń dì í sínú náílọ́ọ̀nù. Mo pè é ní ọgbọ́n òde òní. Mò ń pariwo pé olè jí orúkọ yín, èmi tí mo gba ènì yín lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti mọ̀? Ṣé ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí yín lójú àlá?

Mo tú odindi aṣọ tuntun, mo gbé fóònù ti ògiri kó máa ya fídíò, mo fi ọ̀pá yáàdì yín wọn márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ ọwọ́ lé e, mo gé e, mo sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà wò ó, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Alhaji sí afẹ́fẹ́ rere, kí n gé mẹ́wàá fún òun. Ọjọ́ kejì ló kó àwọn obìnrin àsàláátù rẹ̀ wá sórí ìkànnì tuntun náà. Wọ́n ń kí ara wọn lábẹ́ fọ́tò aṣọ mi bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà. Wọ́n tilẹ̀ ń kí ológbò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkànnì ńlá ní àṣìṣe ni, àwọn ti ṣí péèjì wa padà. Bùọ̀dá Múrí fò sókè. Mo wọlé, mo bá olè yẹn níbẹ̀ tó ṣì gbé ẹ̀rín yín sójú. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo kọ ibi tí a kó lọ síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá wa wá, mo sì jáde. Mi ò padà. Ọjà lè fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlà ẹ̀yìn, a jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran, a ò sì kú. Kí olè máa gbé fọ́tò kiri. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ó ku ohun kan. Ọwọ́ mi ò gùn tó tiyín. Mo rí aṣọ kan tí ẹ gé fún Màámi nínú àpótí wọn, wọn ò tíì rán an, mo sì wọn ènì tó lé lórí yáàdì márùn-ún rẹ̀ wò. Ìka méjì ni ọwọ́ mi fi dín. Nísinsìnyí, bí mo bá ti tẹ́ ọwọ́ mi tán, mo máa ń fi ìka méjì kún un kí n tó gé e.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, olóríkunkun bíi tiyín, tí ìfẹ́ yín ò ṣí lára rẹ̀ bó ti wù kí omi kàn án tó.