Ẹ Fún Télọ̀ Mìíràn Ní Aṣọ Sìkírátù

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi ti ń yá ní ọsibítù Ìgàndó níbí, ẹ má fòyà. Mo jẹ sẹ̀mó díẹ̀ lánàá, mi ò sì bì í.

Òótọ́ ni Kọ́lápọ̀ tá a jọ ń gbé yàrá sọ fún yín: gìrì mú mi nídìí máṣíìnì. Nígbà tí iṣẹ́ Iléyá pọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn apàrora Tramadol, kí n lè máa ránṣọ láìsinmi. Kì í jẹ́ kó rẹ̀ mí, kì í jẹ́ kébi pa mí. Ní báyìí, bí mi ò bá lò ó, òógùn á bò mí, eegun á máa ro mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Dókítà ní ó ti mọ́ ọpọlọ mi lára, pé tí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, kí n máa padà wá kí àwọn ràn mí lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀. Màá lọ ṣá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú àtifi í sílẹ̀, Ìyá mi. Agbára mi ò ká a. Àwọn oníbàárà ti kó aṣọ wọn lọ tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún télọ̀ mìíràn ní aṣọ ìgbéyàwó Sìkírátù. Ẹ bá mi kí i, kẹ́ ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọmọ yín,
Abdulganiyy