Apá Tí Wọ́n Gún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Àbúrò Màmá kó dé láti bá wa tọ́jú wọn. Gbọ́n-ju-Dókítà ni mo sọ ọ́. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìkòkò wò. "Ohun tí ẹ̀ ń fún aláìsàn jẹ rèé? Ìwọ odi yìí!" Èmi ni odi, torí mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí." Lójú ẹ̀ nìyẹn. Nínú ìwé yìí, mi ò ní bọ̀wọ̀ fún un.

Ọjọ́rú, 5
Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbà tún ṣàlàyé: purotíìnì kan wà tí jẹjẹrẹ ọmú máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń já wálẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń gòkè, jẹjẹrẹ ń rìn — kí dókítà tètè tún oògùn wò.
Wọ́n gún Màmá, gún Màmá, iṣan ń sá. Màmá sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo kórìíra ẹ̀rín Gbọ́n-ju-Dókítà.

Ọjọ́rú, 12
A padà sí ọsibítù, mo lọ ra omi. Mo padà dé — òwú wà lápá Gbọ́n-ju-Dókítà. Kò sí lápá Màmá.
Nọ́ọ̀sì tuntun ló pe orúkọ Màmá. Gbọ́n-ju-Dókítà ló dìde dáhùn. Ojú wọn jọ bí ti ìbejì, káàdì ò sì ní fọ́tò. "Iṣan tèmi yọ gbọ̀ngbọ̀n," ó ń fọ́nnu. "Ẹ̀gbọ́n mi ti jìyà tó."
Òmùgọ̀! Ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le ni dókítà máa kà. Jẹjẹrẹ á máa rìn lábẹ́ aṣọ, àwa á máa dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ní mo máa sọ. Màmá ní bí mo bá kó ìtìjú bá àbúrò àwọn, kí n wá ìyá míì. Ìyẹn rẹ́rìn-ín: "Odi fẹ́ sọ̀rọ̀!"
Abọ́ rẹ̀ nìkan ni mi ò fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo sọ ọ́ ní ọsibítù. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ti màmá mi."
Nọ́ọ̀sì àgbà wo èsì, wọ́n wò mí. "Ta ló wá ni ín?" Purotíìnì yẹn ga ju èyí tí Màmá ní rí lọ. "Òun nìkan kọ́ la fi ń dájọ́ o. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà wá lọ́la."
Títí mo fi délé ni mo ń to èébú jọ. Mo bá Gbọ́n-ju-Dókítà ní ilé ìdáná, ó ń kùn pé iyọ̀ ti tán. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí.
Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọwọ́ wọn lọ sí abíyá òsì, tààrà, bí ọwọ́ ẹni tó mọ ọ̀nà.
"Kókó kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá," ni wọ́n wí. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́."
Wọ́n tún ní kí n dákẹ́.
Mo pe Màmá.