Ọ̀bẹ Tó Ń Gé Gbogbo Nǹkan

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá yín yà kí wa láàárọ̀, wọ́n ní kí n bá wọn wá nǹkan tí wọ́n máa fi já okùn ẹrù wọn. Mo fún wọn ní ọ̀bẹ àpò yín, èyí tí ẹ ti ròyìn ká gbogbo àdúgbò pé kò sí ohun tí kò lè gé. A fa ayùn yọ lára rẹ̀, a fa ìṣígò yọ, a fa sísọ́ọ̀sì yọ, kò sí èyí tó já okùn náà. Ojú ọ̀bẹ gan-an kọ̀, kò yọ, ó ti dípẹtà. Ẹ ò kúkú jẹ́ kó gé nǹkan rí, kí ẹnu rẹ̀ má baà kú. Òun ló yasẹ̀ bí akàn lórí tábìlì yẹn.

Ọ̀bẹ ìdáná mi ni Màmá fi já okùn náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣebí ọ̀bẹ ọmọ mi ń gé gbogbo nǹkan? Ẹ ò nílò èyí mọ́ nìyẹn." Wọ́n bá mú un lọ. Ta ni kí n bá jà?

Odindi adìyẹ wà nínú fíríìjì. Ẹ bá mi kun ún kí n tó dé. Ayùn kúkú ti wà níta.